Itọ́ Lójú Áńgẹ́lì

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, mo kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó fi imú sí wa lójú, tó sì fi ikùn tó lè rú sí wa nínú. Bí kò bá sí méjèèjì, inú ẹ̀gbin là bá máa gbé títí ayé, a ò sì ní mọ̀. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹun tán. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò bá oúnjẹ rẹ́.

Èmi ni mò ń tọ́jú ilé àdúrà wa. Èmi ni mò ń gbá a, tí mò ń nu àwọn àga, tí mò ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tí mo sì ń tì í nírọ̀lẹ́. Lára ògiri ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù, àwòrán áńgẹ́lì kan wà níbẹ̀ tó ga tó ènìyàn gan-an, tó gbé fìtílà lọ́wọ́. Àwọn tó kọ́ ilé náà ni wọ́n yà á, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ wọn mọ́. Àṣà ìjọ wa ni pé, bí ìsìn bá ti parí, oníkálukú á ti ìka bọ inú àwo òróró tó wà lórí tábìlì kékeré, á sì fi pa áńgẹ́lì lára kó tó jáde. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á pa ẹsẹ̀ áńgẹ́lì. Ẹni tó ń wá ọmọ á pa ikùn rẹ̀. Ẹni tí orí ń fọ́ á gbé iwájú orí lé iwájú orí áńgẹ́lì, á sì dúró síbẹ̀ títí àwọn tó wà lẹ́yìn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí òróró ń dà lára ògiri bó bá pẹ́. Ó kọ́kọ́ ń dán. Lẹ́yìn náà ó pọ́n, ó dúdú, ó wá le bí èépá ojú egbò, síbẹ̀ orí rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Eruku lẹ̀ mọ́ ọn. Èéfín àbẹ́là lẹ̀ mọ́ ọn. Irun àwọn tó ń gbé orí lé e lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń rùn bí òróró tí wọ́n fi dín ẹja lọ́dún tó kọjá tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Aáyán sọ ibẹ̀ di ilé. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, màá rí wọn tí wọ́n ń sá gun itan áńgẹ́lì lọ. Kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. À ń fi ìka pa á, à ń gbé ìka náà kan ètè, à ń ṣe àmín. Ojú áńgẹ́lì ti wọnú dúdú náà lọ tipẹ́tipẹ́. Nínú gbogbo ìjọ, ìyá tó bí mi nìkan ló ṣì rántí bó ṣe rí.

Ìyá Ìjọ ni wọ́n ń pe ìyá mi. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ló máa ń wí, "ó máa ń wò mí. Ibi yòówù kí n jókòó sí, ó ń wò mí. Kí n tó lọ, mo fẹ́ kó wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i." Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún fún ara rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo àdúrà rẹ̀ yòókù, tiwa ni.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, bí a ti ń kọrin, nǹkan kan já lára áńgẹ́lì, ó bọ́ pọ̀ọ̀ sórí itan Ìyá Ìjọ tó jókòó níwájú. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo sáré lọ gbé e. Abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Mo yí i padà, mo rí irun, mo rí èékánná ẹnìkan, mo rí aṣọ tí wọ́n fi di egbò tí ọyún ti gbẹ sí lára, mo sì rí àwọn ìdin kéékèèké tó ń yí gbirigbiri láàárín gbogbo rẹ̀. Èébì gbé mi. Mo gbé e mì láàárín ẹsẹ orin kan sí èkejì, mo sì gbé nǹkan náà jáde bí ẹni gbé òkú eku.

Ẹni tó ń darí àwọn àgbà ìjọ wa, Alága là ń pè é lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Ọ̀dà ni. Kò rí nǹkan kan rí tí kò wù ú láti kùn. Ó ti kun ẹnu ọ̀nà, ó ti kun táǹkì omi, ó sì kun àwọn àga wa, tí ọ̀dà wọn ṣì ń lẹ̀ mọ́ wa nídìí nígbà ooru.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká há a kúrò, ká fi ọ̀dà funfun tó ń dán kùn ún. Kíá, ó parí. Mo ti bá pẹ́ńtà sọ̀rọ̀."

Ìyá mi ní, "Kí lẹ fẹ́ há kúrò?"

"Ìdọ̀tí ni, Màmá."

"Áńgẹ́lì ni."

"Áńgẹ́lì wà lọ́run, Màmá. Ti ara ògiri yìí ti di ilé aáyán."

Ìyá mi pòṣé gígùn. Mo wá dìde, mo ní àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ń kó àwọn ohun àtijọ́ pamọ́ sí, pé kẹ́mísìrì ló fi ń wo ohun tó bàjẹ́ sàn, kí wọ́n jẹ́ kó wá wò ó ná. Alága gbà. Ó ní kò burú, pẹ́ńtà òun ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Bó bá fi máa parí rẹ̀ tí a ò tíì rí ojú áńgẹ́lì, ọ̀dà ló kàn.

Àbúrò mi dé. Ẹ̀yìn mi ló ti sùn dàgbà, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù mi rárá. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé imú súnmọ́ ikùn áńgẹ́lì, ó sì fa èémí sínú. Èmi yí ojú sẹ́yìn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá gbóòórùn rẹ̀."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ẹ wá gbọ́. Ó ti kan. Òróró tó bá kan, ásíìdì ló ń dà. Ó ń jẹ ẹfun inú ògiri lọ lábẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń já."

"Kó máa jẹ ògiri. Èmi ò bá a jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé fún mi ohun tó mú iṣẹ́ náà le. Òróró ni wọ́n fi po àwọ̀ tí wọ́n fi ya áńgẹ́lì fúnra rẹ̀. Oògùn tó bá lágbára tó láti jẹ òróró àdúrà wa lè jẹ áńgẹ́lì mọ́ ọn. Nítorí náà kò lè da nǹkan kan sí i. Ńṣe ló gbọ́dọ̀ máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í léèrè. Ó fi omi kan etí aṣọ áńgẹ́lì, omi yí dànù. Ó fi sípírítì kàn án, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kí wọ́n tó gúnni lábẹ́rẹ́, òwú sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ áńgẹ́lì. Kíá ló gbọ́wọ́ kúrò. Níkẹyìn ó po oògùn kan mọ́ nǹkan tó ń yọ̀ bí jẹ́lì, kó má baà ṣàn, kó dúró sórí dúdú náà nìkan. Ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó dúró dè é. Dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Háà! Òórùn tó jáde! Gbogbo òróró tí àwọn bàbá bàbá wa ti pa síbẹ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo gbé abọ́ tó ń ju òwú ìdọ̀tí sí. Òwú ń jáde ní pupa, ní dúdú, ní ìyeyè bí ọyún, ó ń fà bí ikun ọmọdé. Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀, mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, mo sì bì títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo padà, àbúrò mi kò wò mí. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ètè kàn án láti kékeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òórùn lọ. Mo lọ fi ọṣẹ fọ ẹnu mi.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ jáde, aṣọ jáde ní àwọ̀ ojú ọ̀run, fìtílà jáde. Nígbà tó dé ojú, ó gbé jẹ́lì rẹ̀ tì. Ó ní òróró ibẹ̀ ti tán, ó ku awọ ìdọ̀tí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òógùn àti èéfín, àwọ̀ tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ kò gba oògùn líle. Ó wé òwú mọ́ igi tín-ín-rín, ó fi sẹ́nu, ó yí i lẹ́nu, ó yọ ọ́ jáde, ó sì ń yí i rọra lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ áńgẹ́lì. Ó jù ú sí abọ́. Ó mú òmíràn, ó fi sẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń fọ ojú rẹ̀."

"Pẹ̀lú itọ́?"

"Pẹ̀lú itọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Bí ẹ bá fi búrẹ́dì sẹ́nu, kí ẹ tó gbé e mì, ṣé kì í ti máa yọ́? Ohun tó ń yọ́ ọ wà nínú itọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń yọ́ ìdọ̀tí. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́, kò le. Gbogbo wa níbi iṣẹ́ là ń lò ó. Bí mo bá ṣe tán, màá fi omi mímọ́ nu ojú ibẹ̀, itọ́ kankan ò ní kù."

Mo wò ó. Áńgẹ́lì Ọlọ́run ni, itọ́ ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fun ikun ló sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń mọ́lẹ̀ lábẹ́ òwú.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó yíjú sí mi. "Ẹnu mi ti gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi nítọ́."

"Kí n yá ọ ní kí ni?"

"Ṣé ẹ ti jẹ ata lónìí?"

"Mi ò jẹ ata. Mi ò lè jẹ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà tí o ti dé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tu ú síbí." Ó na ife kékeré kan sí mi. Mo wo àga ìwàásù, mo tọrọ ìdáríjì nínú ọkàn mi, mo sì tutọ́ sínú ife nínú ilé àdúrà. Ara mi bù máṣọ. Ó gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó. "Ó ki jù, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ lọ mu omi."

Ibi tí a ti ń jiyàn lórí iyì itọ́ mi ni àwọn obìnrin akọrin bá wa. Kò pẹ́ tí gbogbo ìjọ fi gbọ́. Wọ́n sọ àbúrò mi ní Onítọ́. Bó bá ń kọjá lọ, àwọn kan á bo ẹnu, àwọn kan á yínmú. Àwọn ẹni tó ń gbé ìka aáyán kan ètè ló ń yínmú o.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ti àwo oúnjẹ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbúrò mi.

"Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?"

"Kí ni wọ́n sọ, Màmá?"

"Pé o ń tutọ́ sí i lójú."

"Mi ò tutọ́ sí i. Itọ́ ni mo fi ń nù ún."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Màmá, Olúwa wa náà lo itọ́ fún afọ́jú."

"Ìwọ sì ni Olúwa? Ìwọ tí o kì í fọ eyín kí o tó mu tíì?"

"Ẹ̀yin náà máa ń fi itọ́ nu ojú wa ká tó wọ ilé àdúrà."

"Ọmọ mi ni yín. Ẹ kì í ṣe áńgẹ́lì, ó dá mi lójú." Ó yínmú. "Ó ń kó mi nírìíra. Mo rò ó láti àárọ̀, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi."

Àbúrò mi kò bínú. Ó ní, "Ẹ mú sùúrù. Ojú rẹ̀ ti jáde tán. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ibẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Lọ́la ni màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kó tó dìgbà náà." Ìyá mi gbé àwo rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi lọ sílé lọ yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí iná. Èmi wà lẹ́yìn ilé, mò ń sun òwú ìdọ̀tí, mo fi aṣọ bo imú. Nígbà tí mo wọlé, mo gbọ́ orin kékeré. Ìyá mi ló dúró níwájú ògiri, àwo òróró lọ́wọ́ kan, aṣọ funfun lọ́wọ́ kejì, ó ń fi agbára arúgbó nu ojú áńgẹ́lì. Ojú tirẹ̀ ń dán fún ayọ̀.

"Mo ti nu itọ́ yẹn kúrò," ó ní. "Mo sì ti fi òróró tù ú lára."

Mo wo ara ògiri. Mo wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Lára aṣọ náà, láàárín òróró, ni mo ti rí àwọ̀ ara, àti nǹkan funfun kan pẹ̀lú dúdú láàárín rẹ̀, tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Màmá, kí ló wà lára aṣọ yín?"

Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó wò ó títí. Mo rí ìgbà tó mọ̀ ọ́n.

"Ojú rẹ̀ ni," ó ní. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ń wò mí nígbà tí mo wọlé. Ọmọ mi, ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí. Mo dúpẹ́. Mo wá rántí itọ́ yẹn, inú mi rú, mi ò lè fara dà á."

Mi ò lè purọ́ fún yín, ẹ̀yin ará. Ìyá tó bí mi ló jókòó sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Òróró ń kán ní ìka rẹ̀. Ohun gbogbo rí mi lára lọ́jọ́ náà, ògiri, àwo, orin tó ń kọ, èmi fúnra mi. Nígbà tó yá ni ojú tì mí, mo sì gbé e dìde.

Àbúrò mi wọlé, ó rí wa, kò pariwo. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ ìyá wa bí ẹni gba ọmọ ọwọ́ tó ń sùn. Ó ní gọ́ọ̀mù kò lè mú níbi tí òróró bá wà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa òróró jáde. Ó po amọ̀ funfun mọ́ oògùn kan, ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú áńgẹ́lì, ó sì fi amọ̀ náà bò ó. Bí amọ̀ bá ti ń gbẹ, ó ń mu òróró. Á ṣí i kúrò, á ti di pupa rúsúrúsú, á tún bò ó pẹ̀lú tuntun. Láàárín rẹ̀, ó ń fi ẹ̀mú tín-ín-rín ṣa ojú òsì áńgẹ́lì lára aṣọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mi kò kúrò níbẹ̀. Ó kàn ń lọ fọ ọwọ́, ó ń padà wá, ó ń gbóòórùn ìka rẹ̀, ó ń ṣojú bí ẹni tó jẹ ohun kíkorò, ó tún ń lọ fọ̀ ọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wà, ẹnu wà, ojú ọ̀tún wà. Ojú òsì kò ju ìpéǹpéjú àti funfun díẹ̀ lọ. Ìyókù ti di lẹ́búlẹ́bú. Mo ní kó ya òmíràn síbẹ̀. Ó ní òun ò lè ya ojú tó wo ẹlòmíràn, tí kò wo òun rí.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Alága mú pẹ́ńtà rẹ̀ wá, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú garawa ọ̀dà láàárín ẹsẹ̀. Ìsìn parí. Alága rìn wá síwájú, ó wo áńgẹ́lì.

"Ojú kan? Látijọ́ yìí, ojú kan ṣoṣo ni Onítọ́ rí wá fún wa?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká gba ìbùkún wa ná, lẹ́yìn náà ká mọ ohun tá a máa ṣe." Ó ti ìka bọ àwo òróró, ó sì na ọwọ́.

Ìyá mi ti gbé àga rẹ̀ síwájú ògiri láti àárọ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ Alága mú. Ó fa ìborùn funfun ti ara rẹ̀ já lọ́rùn, ó fi nu ìka náà gbọọrọ, ó sì gbé ìborùn náà sókè fún gbogbo wa. Ilà dúdú kan wà lára rẹ̀.

"Kí lo fọwọ́ kàn láàárọ̀ yìí?"

"Màmá, mo wẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ nípa ìwẹ̀."

"Mo bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Mo… mo fun ikun."

"Ó fun ikun," ni ìyá mi wí fún ìjọ, "ó sì fẹ́ fi pa áńgẹ́lì lára." Ẹ̀rín bú. Kò dúró de ẹ̀rín náà. "Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fọ́ ojú òsì rẹ̀. Aṣọ mímọ́ ni mo mú wá, òróró yìí náà ni, ìfẹ́ ni mo sì fi nù ún. Itọ́ ọmọ mi la ojú yẹn. Ọwọ́ mi ló fọ́ ọ. Ọwọ́ gbogbo wa ló wà nínú ẹ̀gbin tó bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ìbùkún, kó gbójú sókè béèrè. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́ lójú mi."

Alága wo ìka rẹ̀. Kí ló tilẹ̀ mú un gbé e símú? Ó gbẹ́nu sínú áńkáṣíìfù, ó yíra, ó sì ké sí pẹ́ńtà pé kó jẹ́ káwọn lọ, pé odi ẹ̀yìn ilé ń fẹ́ ọ̀dà.

Àwọn ènìyàn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n na ọwọ́ síwájú bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ọ̀pọ̀ wọn yà síbi ẹ̀rọ omi. Mo gbé àwo òróró jáde, mo dà á nù.

Nígbà tí mo padà, ìyá mi ṣì jókòó. Ó ti yí àga padà, ó kọjú sí ògiri, ó ń gbé orí sọ́tùn-ún, ó ń gbé e sósì.

"Màmá, ṣé ó ń wò yín?"

"Ó ń wò mí." Ó tún gbé orí sọ́tùn-ún. "Bí ẹni tí mo kó nírìíra ló ṣe ń wò mí."

Mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró.

"Jẹ́ kó máa wò mí bẹ́ẹ̀ ná," ó ní. "Ó ṣáà ń wò mí."

Ìwọ tí o bá mi dé ìparí, kí Olúwa wẹ ọwọ́ rẹ mọ́ kí o tó fi kan ohun tí o fẹ́ràn. Ohun rere tí àwọn tó ṣáájú fi lé ọ lọ́wọ́ kò ní bàjẹ́ sí ọ lọ́wọ́. Ìfẹ́ rẹ kò ní di ìpalára fún ẹni tí o fẹ́. Bí ẹ̀gbin bá sì wà níbi tí o ti ń tẹríba, kí Ọlọ́run fún ọ ní imú tó máa gbóòórùn rẹ̀ ní kíákíá, àti àánú fún àwọn tí kò tíì gbóòórùn rẹ̀. Àmín.